Ẹni Tó Ń Ka Lẹ́tà Moróunkẹ́

Lẹ́tà náà ti ṣí kí Moróunkẹ́ tó dé ìdí rẹ̀.

Ó mọ bí lẹ́tà tuntun ṣe máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù í-meèlì Sùlàímọ́nù ní Àgbòwó. Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà máa ń dúdú, á nípọn ju àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Bí èèyàn bá ti ṣí i kà, á rù, á sì dà bí àwọn yòókù. Èyí tó wà lókè pátápátá yìí, ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́ láti Jámánì. Ọjọ́ Ajé ló dé. Òní ni Ọjọ́rú, Moróunkẹ́ kò sì fi ẹsẹ̀ kan Àgbòwó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Síbẹ̀, lẹ́tà náà ti rù.

Ó rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road ló ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ibi iṣẹ́ ló sì ti ń bọ̀, àárẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tẹ lẹ́tà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ìyá Ìrètí, mo rí lẹ́tà rẹ gbà. N kò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí o bá ní o kò lè fi Màmá sílẹ̀ lọ́dún yìí, n kò ní fi agbára mú ọ. Àwọn tó ń pín ilé fún àwa onídìílé ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lọ́jọ́ Ẹtì. N óò sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé yàrá náà fún ẹlòmíràn. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ọdún tó ń bọ̀."

Moróunkẹ́ tún un kà. Òun kò kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó kọ kẹ́yìn ni pé pásípọ́ọ̀tù òun àti ti ọmọ ti jáde, pé òun ti rí súwẹ́tà kan tó nípọn fún Ìrètíolúwa lọ́dọ̀ àwọn olókìrìkà ní Dùgbẹ̀, pé kí ó jọ̀wọ́ má jẹ́ kí ilé náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dúró de ilé yẹn. Láti ìgbà tí Olúrótìmí ọkọ rẹ̀ ti lọ kàwé sí i, ìmúlẹ̀mófo ni gbogbo ètò tí wọ́n ń ṣe láti wà pọ̀. Ọmọ kò tíì rìn nígbà tí ó lọ. Ní báyìí, bí Ìrètíolúwa bá rí fọ́tò bàbá rẹ̀ lára ògiri, "bọ̀dá" ló ń pè é. Gbogbo ilé máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Moróunkẹ́ náà máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó wá nǹkan mìíràn ṣe.

Bí ilé yẹn bá lọ lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí òmíràn yóò tún yọ.

Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Sùlàímọ́nù tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan jà lórí ìwé tí inki rẹ̀ kò yọ dáadáa. Èèyàn gbọọrọ ni, kì í bọ́ fìlà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbófo. Moróunkẹ́ lọ bá a, ó sì fi ohùn ìsàlẹ̀ bi í pé ṣé ó máa ń ṣí lẹ́tà àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ọkùnrin náà fi akẹ́kọ̀ọ́ náà sílẹ̀. Ó wo Moróunkẹ́ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ó ní kí ló máa fi lẹ́tà tọkọtaya ṣe, òun tí tòun gan-an sú. Ó wá tẹ̀lé e lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kó jókòó, kó fi ara balẹ̀. Ibì kan wà tí ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tó bá jáde lọ. Moróunkẹ́ kò dé ibẹ̀ rí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Sùlàímọ́nù fi hàn án. Láàárín àwọn lẹ́tà tí Moróunkẹ́ fúnra rẹ̀ kọ, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Bàbá Ìrètí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹsẹ̀ Màmá tún ti wú láti ìgbà tí a ti Ẹlẹ́yẹlé dé. Ojú mi kò gbà á pé kí n gbé ọmọ, kí n fi wọ́n sílẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi í di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má bínú sí mi."

Ẹ̀rù ba Moróunkẹ́ ju bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀bẹ yọ sí i lọ. Ohùn rẹ̀ ni. Bí òun ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà nìyẹn, "ẹ kú iṣẹ́ o", bí ó sì ṣe máa ń bẹ ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ ti ka lẹ́tà òun títí, ó ti kọ́ bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀.

Sùlàímọ́nù fi ìka lé ojú ẹ̀rọ náà, ní ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹsẹ̀ Màmá, ìyá ọkọ Moróunkẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹni tó kọ eléyìí ń jẹun nílé yín. Èmi kò mọ Màmá, áńbọ̀sìbọ́sí kí n mọ ẹsẹ̀ wọn."

Sùlàímọ́nù bi í pé ta ló mọ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó tẹnu mọ́ ọn pé òun kò sọ ọ́ fún ọkọ, òun kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, òun kò kọ ọ́ síbì kankan.

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ tí Sùlàímọ́nù kọ́kọ́ ṣí àpótí lẹ́tà yìí fún un, ó ti kìlọ̀ fún un dáadáa. Ó ní kó má fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe é, kó má fi ti ọkọ ṣe é, kó má sì fi ti ọmọ ṣe é. Ó ní gbogbo ìyàwó ilé tó ń wá sọ́dọ̀ òun, orúkọ ọmọ ni wọ́n ń fi ṣe é, pé bí òun bá jẹ́ olè, òun ì bá kàn lọ dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, kí òun máa gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń pe ọmọ. Gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló rẹ́rìn-ín. Moróunkẹ́ jókòó, ó ronú, ó wá rí ọ̀rọ̀ kan tó dá a lójú.

Nílé ọkọ rẹ̀, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Àwọn Láwùmí ti Ṣakí wá, bàbá wọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló kọ́lé sí Bódìjà kó tó kú, ṣùgbọ́n àṣà Ṣakí ni ìyá wọn gbé wọ inú ilé náà. Ọ̀sẹ̀ tí Moróunkẹ́ wọlé ni Màmá ti pè é jókòó, tí wọ́n ní kó wo àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀, kó fún kálukú ní orúkọ tí yóò máa pè é. Adébísí, tó tẹ̀lé Olúrótìmí, ló sọ ní Akọ̀wé, nítorí bíírò tí kì í kúrò ní àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ọmọ́fẹ́, àbíkẹ́yìn, tó ṣì wà ní ilé ìwé girama nígbà náà, ló sọ ní Eyínafẹ́, nítorí eyín rẹ̀ funfun, ó sì ní àlàfo kékeré kan láàárín méjì iwájú. Inú ọmọbìnrin náà dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Orúkọ wọ̀nyí nìkan ni orúkọ tí Moróunkẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dá sílẹ̀ láyé. Wọn kò sí nínú ìwé ẹ̀rí ìbí, wọn kò sí nínú ìwé ìjọ. Ó rò ó lọ rò ó bọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé Eyínafẹ́. Ta ni yóò ro ti orúkọ tí òun ló ni ín?

Sùlàímọ́nù ní kó má sọ ọ̀rọ̀ náà fún òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó kọ lẹ́tà kankan sí ọkọ rẹ̀. Ó ní bí kò bá pààrọ̀ rẹ̀, bí ó bá ti ń kọ ọ̀kan ni ẹnì kejì yóò máa kọ òmíràn, ọkọ yóò wá ní ìyàwó méjì nínú àpótí kan, kò ní mọ èyí tó bí ọmọ fún òun.

"Ẹ sì dúpẹ́," ó ní, "pé òun kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìta lẹ óò wà."

Ó na ọwọ́ láti fi ọ̀nà hàn án. Iná lọ.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n epo ti wọ́n jákèjádò ìlú lọ́sẹ̀ náà, Sùlàímọ́nù kò sì rí rà. Moróunkẹ́ dúró sí iwájú ẹ̀rọ tó ti dúdú, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Nígbà tí iná kò dé, ó wọ takisí lọ sílé.

Nínú takisí, ó ń ka àwọn èèyàn ilé wọn lọ́kàn, ó ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Adébísí wà ní Èkó, kì í wá bí kì í bá ṣe ọdún Kérésì. Ọ̀ṣuntóyìn, olùkọ́ tó gba yàrá sí ẹ̀yìn ilé wọn, kò mọ nǹkan kan nípa Jámánì ju ohun tí wọ́n bá sọ létí rẹ̀ lọ. Ọ̀kan ṣẹ́ kù. Moróunkẹ́ kò fẹ́ kà á dé orí rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ló ń bá òun wẹ ọmọ. Òun náà ló sì ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Mọ́kọ́lá láti ìgbà tó ti ń retí àbájáde ìdánwò rẹ̀.

Nígbà tó wọlé, Màmá wà ní pálọ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní kí ló ṣe é tí ojú rẹ̀ fi rí báyìí. Ó ní iṣẹ́ ni. Ó gba ọ̀nà kíṣìnì jáde sí ẹ̀yìn, ó sì ké pe ọmọbìnrin náà bó ṣe máa ń ké pè é ní gbogbo ọjọ́.

"Eyínafẹ́."

Ọ̀ṣuntóyìn tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ dá a lóhùn pé Eyínafẹ́ ti gbé Ìrètí lọ ra búrẹ́dì. Kò pẹ́, ohùn kan dún láti ojú títì, níbi tí ìyá oníbúrẹ́dì máa ń dúró sí: "Eyínafẹ́, bá mi kí Màmá o." Ọmọ kékeré kan lẹ́yìn ògiri sì tún un pè, ó ń fi ṣeré: Eyínafẹ́, Eyínafẹ́.

Moróunkẹ́ di ìlẹ̀kùn mú.

Kí ló ti ń rò tẹ́lẹ̀? Láti ọdún tó ti wọ ilé yìí ló ti ń fi orúkọ yẹn pariwo láti kíṣìnì dé géètì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àdúgbò ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Màmá tó bí ọmọ ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Eyínafẹ́ ni àwọn náà ń pè é. Orúkọ tí ó rò pé òun ló ni ín, òun fúnra rẹ̀ ló ti pín in fún gbogbo Bódìjà. Ó ti ilẹ̀kùn àpótí lẹ́tà rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ariwo pe kọ́kọ́rọ́.

Ọmọbìnrin náà wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Moróunkẹ́ gba ọmọ, ó gbé e fún Ọ̀ṣuntóyìn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun mú un dání díẹ̀. Ó wá pe àbúrò ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn, sídìí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Oòrùn ti ń wọ̀. Aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì ń pa wọ́n lójú mọ́ra wọn.

"Ọmọ́fẹ́."

Ọmọbìnrin náà gbọ̀n. Kò sí ìgbà tí Moróunkẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹni tí kò gbà pé òun ni wọ́n ń pè ló ṣe bojú wẹ̀yìn.

Láti inú pálọ̀, Màmá gbóhùn sókè. "Ìyàwó, kí ló dé tí o fi ń pe Eyínafẹ́ lórúkọ?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ahọ́n mi ló yọ̀."

Lẹ́yìn èyí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. Moróunkẹ́ kò bi í bóyá òun ló ṣe é. Ó bi í bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ́fẹ́ wo ilẹ̀ títí, ó wá sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí Moróunkẹ́ ti Àgbòwó dé, tó ń ròyìn fún wọn pé wọ́n ní kí òun mú ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíràn kò lè rò, ó ti wo òun lójú, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ní í-meèlì ní Mọ́kọ́lá, òun kàn dán an wò láti fi ṣeré. Ó ṣí. Ó ní lẹ́tà Bọ̀dá Rótìmí nìkan ni òun ń kà nígbà náà, nítorí pé wọn kì í kọ̀wé sí òun.

"Àti èyí tí o kọ ńkọ́? Ìyẹn náà, eré ni?"

Ọmọ́fẹ́ fa etí aṣọ tó wà lórí okùn. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n.

"Àǹtí, Yunifásítì Ifẹ̀ ti mú mi. Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bọ̀dá Adébísí ní bí ẹ bá fi lè lọ Jámánì, kí n gbàgbé Ifẹ̀, kí n wá ohun tí mo máa ṣe n'Ìbàdàn, kí n dúró ti Màmá. Wọn kò bi mí. Wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Bí ẹ bá kọ́kọ́ jáde, èmi ni wọn yóò dá dúró. Bí èmi bá kọ́kọ́ jáde, ẹ̀yin ni."

"O wá dá mi dúró."

"Mo rò pé ọdún kan péré ni."

Ọwọ́ Moróunkẹ́ gbé sókè. Ó ti sún mọ́ etí ọmọbìnrin náà kó tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni. Ó dá a dúró níbẹ̀, ó sì fi ká aṣọ kan lórí okùn, aṣọ tí kò tíì gbẹ. Ó bi í pé ṣé ó tún ti kọ òmíràn. Ọmọ́fẹ́ ní òun ti kọ òmíràn ní Mọ́kọ́lá nírọ̀lẹ́ náà, kí òun tó wálé. Òun ti sọ fún Bọ̀dá pé kí wọ́n má wulẹ̀ pe ilé ìwòsàn, pé tẹlifóònù ibẹ̀ ti bàjẹ́, pé kí wọ́n tètè lọ dá àwọn onílé lóhùn kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Moróunkẹ́ fi aṣọ tútù náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó fi dìde. Bẹ́ẹ̀dì Ọmọ́fẹ́ ti ṣófo. Màmá ní ó jáde, pé kò sọ ibi tó ń lọ. Moróunkẹ́ gbé ọmọ fún Màmá, ó pa irọ́ kan fún wọn nípa ibi iṣẹ́, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè fi owó pe òkè òkun lórí tẹlifóònù. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀ tó ń pariwo sí ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù nípa mọ́tò, bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀ kọjá òkun. Nígbà tó kan Moróunkẹ́, tẹlifóònù dún, ó tún dún. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Olúrótìmí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń gbé ni tẹlifóònù náà wà. Obìnrin kan gbé e. Jámánì ló ń sọ. Moróunkẹ́ sọ orúkọ ọkọ rẹ̀, ó tún un sọ, ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Obìnrin náà sọ nǹkan gígùn kan tó dà bí àánú, ó sì gbé e sílẹ̀.

Ó wọ takisí tó ń lọ Àgbòwó. Ní gbogbo ọ̀nà ni ó ń rò ó pé ibo ni Ọmọ́fẹ́ lọ láàárọ̀ kùtù. Bí ó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ kan ní Mọ́kọ́lá ńkọ́? Bí ó bá ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Ọ̀nà há ní Sámọ́ńdà, awakọ̀ sì ń ṣe àwàdà pẹ̀lú ẹni tó jókòó níwájú. Moróunkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú ibi tó ń lọ, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó sì ń sáré díẹ̀díẹ̀ bí àwọn èèyàn kò bá wò ó.

Iná wà. Sùlàímọ́nù kò bi í ní nǹkan kan, ó dá akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde lórí ìjókòó, ó ní kó lọ mu omi. Moróunkẹ́ tẹ orúkọ Eyínafẹ́ yẹn, ó sì dúró. Ẹ̀rọ náà ń ronú. Láyà rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Ó ṣí.

Sùlàímọ́nù fi ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀ hàn án, ó wá yí padà, ó kọjú sí ògiri, ó sì yí fìlà rẹ̀ bo ojú. Ó tún sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí àwọn náà kọjú sí ògiri, pé bí Nọ́ọ̀sì bá gún wọn lábẹ́rẹ́, kí wọ́n má pe òun. Moróunkẹ́ wá ọ̀rọ̀ kan. Kò wá orúkọ. Ó wá ohun tí ẹnu rẹ̀ kò pè rí níwájú ẹnikẹ́ni, ó fi nọ́ńbà kún un, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Kò sí ẹni tó máa rí i kọ síbì kan, títí kan ibí yìí.

Ó ku kí ó kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti wá rí i bí ọ̀ràn náà ṣe jìn tó. Kí ni yóò sọ tí Olúrótìmí yóò fi gbà pé òun ni? Ẹsẹ̀ Màmá, ẹnì kejì mọ̀ ọ́n. Súwẹ́tà, ẹnì kejì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ, oúnjẹ tí kò fẹ́ràn, àwọn orúkọ ìfẹ́ tí tọkọtaya ń pe ara wọn, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú àwọn lẹ́tà tí Ọmọ́fẹ́ kà. Ó tẹ ìlà kan, ó pa á rẹ́. Ó tẹ òmíràn, ó pa á rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ìjókòó náà padà wá, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí kíkan. Sùlàímọ́nù lé e lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló wà. Kí Ìrètíolúwa tó dé, oyún kan ti wà tí kò dúró. Ilé ìwòsàn tí wọn kò ti mọ̀ wọ́n ni wọ́n lọ, ní Moniya. Wọn kò sọ fún Màmá, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Olúrótìmí ti pa ẹ́ńjìnì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ti fún ọmọ tí wọn kò rí náà lórúkọ, àwọn méjèèjì sì ti bá ara wọn ṣàdéhùn pé àwọn kò ní kọ orúkọ náà, àwọn kò sì ní pè é mọ́.

Moróunkẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ orúkọ náà.

Ó wá kọ ìyókù, kíákíá, láìdúró. Ó ní èmi ni. Ó ní àwọn lẹ́tà méjì tó sọ pé kí a sún un síwájú, èmi kọ́ ni mo kọ wọ́n. Ó ní tẹlifóònù ilé ìwòsàn kò bàjẹ́, ẹ pè mí níbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ohùn mi. Kò dárúkọ Ọmọ́fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀. Ó rán lẹ́tà náà lọ.

Ọmọ́fẹ́ kò padà sílé títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tó sì dé, kò bá Moróunkẹ́ sọ̀rọ̀, Moróunkẹ́ náà kò bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n jọ wẹ ọmọ. Ọ̀kan ń bu omi, èkejì ń fi ọṣẹ pa á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú tábìlì ibi ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni Moróunkẹ́ ń wò bí ọ̀tá, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn ni tẹlifóònù wà. Obìnrin kan fẹ́ fi pe ọkọ rẹ̀ ní àdúgbò Challenge, Moróunkẹ́ ní wọn kò fún àwọn aláìsàn láyè. Ó fún ọkùnrin kan lábẹ́rẹ́, kò rántí ẹsẹ̀ tó fi rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tẹlifóònù dún, oníṣègùn ni wọ́n ń bèèrè. Ó tún dún, ẹnì kan ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, kò fẹ́ gbé e mọ́.

"Kẹ́ẹ́," ni ohùn náà wí, ó sì jìnnà bí ẹni tó wà nínú kànga.

Ó fi ọwọ́ bo etí kejì. Olúrótìmí kò kí i. Ó kọ́kọ́ sọ orúkọ ọmọ tí wọn kò rí náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, Moróunkẹ́ sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Olúrótìmí wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní òun ti wọ bàtà láti lọ sọ́dọ̀ àwọn onílé lánàá nígbà tí òun ṣí àpótí, tí òun bá lẹ́tà kan láti inú àdírẹ́sì tí òun kò mọ̀. Ọmọ́fẹ́ ló kọ ọ́, ní àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀. Olúrótìmí ní òun kò gbà á gbọ́. Ó ní ta ló mọ ẹni tó ń fi orúkọ Ọmọ́fẹ́ ṣeré. Ẹni tó lè jẹ́ Moróunkẹ́ lè jẹ́ Ọmọ́fẹ́. Òun ti di ìlẹ̀kùn mú nígbà tí lẹ́tà ìyàwó òun wọlé pẹ̀lú orúkọ yẹn nínú.

"Mo lọ sọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ yìí," ó ní. "Mo ní ẹ̀ ń bọ̀. Ṣé ẹ̀ ń bọ̀?"

"A ń bọ̀."

Olúrótìmí mí sókè. Ó ní òun yóò bá Adébísí sọ̀rọ̀, pé Ọmọ́fẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sí Ifẹ̀. Moróunkẹ́ bi í pé ta ni yóò wá dúró ti Màmá. Ó ní òun kò tíì mọ̀. Ohùn kan ń bọ́ lójú wáyà bí òjò lórí páànù. Moróunkẹ́ ń ronú sí ẹsẹ̀ Màmá lórí àpótí, sí bí yóò ṣe wọlé lọ bá wọn nírọ̀lẹ́ yìí, sí ẹnu tí yóò fi sọ ọ́.

Olúrótìmí tún sọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ tuntun tí o fi ti àpótí ńkọ́? Sọ ọ́ fún mi, kí èmi náà mọ̀ ọ́n, bí o bá gbàgbé."

Ó ya Moróunkẹ́ lẹ́nu pé òun kò tètè dáhùn. Ó ti ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà ní orí ahọ́n rẹ̀. Oníṣègùn ń kọjá, obìnrin tó fẹ́ pe Challenge ṣì jókòó níbẹ̀, ó na etí rẹ̀.

"Bàbá Ìrètí, ẹ má bínú. N kò ní sọ ọ́."

"Èmi náà?"

"Ẹ̀yin náà."

Ó gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀hún, ó kúrú, ó lè jẹ́ ẹ̀rín, ó sì lè má jẹ́ ẹ̀rín. Wáyà já. Moróunkẹ́ di tẹlifóònù náà mú sí etí, ó ń gbọ́ bó ṣe ń kùn, kò gbé e sílẹ̀. Obìnrin Challenge yẹn dìde, ó bi í pé ṣé ó ti ráyè lò ó báyìí.

"Ẹ jẹ́ ó tún dún ná," ni Moróunkẹ́ wí, ó gbé e sílẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e.